Agara Kì Í Ṣe Sùúrù: Ọ̀rọ̀ Ìlera fún Àwọn Ajẹ́ntì Ilé

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ara ènìyàn, tí ó sì fi oorun ṣe ìsinmi fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àìsàn tí ó ní orúkọ ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní ojú ìwé yìí: ibà, ìtọ̀ ṣúgà, ọgbẹ́ inú. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó ń pa àwọn ènìyàn wa lára lójú wa báyìí. Iṣẹ́ ajẹ́ntì ilé ni. Ní Èkó àti àyíká rẹ̀, wọn kò kéré nínú ìjọ wa rárá. Bí ẹ bá dúró ní iwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ lè gbọ́ "míní fúláàtì wà ní Ìyànà-Ìpájà" kí ẹ tó gbọ́ "Ẹ kú Jímọ̀". A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ hàláálì ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó jáde ní ilé ìwé gíga tí wọn kò rí iṣẹ́ oṣù ṣe fi ń bọ́ ìyá àti àbúrò.

Láti ẹ̀yìn káńtà ilé oògùn ni a ti kọ́kọ́ fura. Ohun mẹ́ta ni àwọn ará wa yìí sábà máa ń béèrè: oògùn ara ríro, ohun mímu inú agolo tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ẹ́nájì, àti oògùn oorun tí kò yẹ kí a tà láìsí ìwé dókítà. Ọ̀kan nínú wọn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú gbólóhùn kan. Ó ní, "Alhaji, ẹ bá mi wá èyí tí màá lò kí n lè sùn, kí ẹ sì bá mi wá èyí tí màá lò kí n lè jí." A bi í pé kí ni ó ń lé oorun rẹ̀. Ó ní, "Àwọn kọ́sítọ́mà mi ni, sà."

Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe irú nǹkan yìí. A ní "ó rẹ̀ mí", a ní "ó sú mi", a sì ní "agara dá mi". Ẹni tí ó rẹ̀, bí ó bá sùn dáadáa, okun rẹ̀ yóò padà. Ẹni tí nǹkan sú kò fẹ́ fi ojú kan nǹkan náà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí agara dá, ó sùn, kò sinmi. Ó jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Owó wọlé, inú rẹ̀ kò dùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ agara ẹnu iṣẹ́ sínú ìwé ìsọ̀rí àìsàn wọn tí a mọ̀ sí ICD-11 ní ọdún 2019. Wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní ohun tí ń ti ẹnu iṣẹ́ wá ni, nígbà tí wàhálà iṣẹ́ bá pẹ́ lára ènìyàn tí kò sì rí àbójútó. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi dá a mọ̀: kí okun inú tán, kí ọkàn kúrò lára iṣẹ́ náà, kí ènìyàn máa fi ojú burúkú wò ó, kí ọwọ́ ẹni má sì ràn án mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà wa ti fi ẹnu ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ló dé tí ajẹ́ntì ilé fi ní láti ní agara ju bíríkìlà tí ó ń ru búlọ́ọ̀kù nínú oòrùn? Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ bíríkìlà ní òpin. Ó mọ iye búlọ́ọ̀kù tí ó tò, ó mọ iye tí wọn yóò san ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá sì wẹ̀ tán, kò sí ẹni tí yóò pè é ní aago 11 alẹ́ láti bi í bóyá búlọ́ọ̀kù náà ní ojú fèrèsé. Ajẹ́ntì máa ń ṣe iṣẹ́ kí ó tó mọ̀ bóyá owó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Fúláàtì kan wà tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. Bí kọ́míṣàn bá jẹ́ 10%, ₦120,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ajẹ́ntì kan ni ó mọ onílé, òmíràn ni ó mọ ajẹ́ntì yẹn, òmíràn ni ó mú ayálégbé wá. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ₦40,000 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ pé ènìyàn mẹ́tàlá ni ó ti wo ilé náà kí ìkẹrìnlá tó sanwó. Owó ọkọ̀ àwọn mẹ́tàlá, dátà fóònù wọn, oòrùn tí ó pa á nítorí wọn, inú ₦40,000 náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní àfikún, kò sí ẹni tí ó fọkàn tán an. Ayálégbé rò pé onílé ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, onílé rò pé ó ti gbowó lẹ́yìn òun.

Ara ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ láàrin olè àti ìpè fóònù tí ó ń dáni níjì. Bí ìjayà bá dé, ara yóò tú èròjà kan tí a ń pè ní adrẹ́nálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀: àyà yóò máa yára lù, iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò fún pọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò gòkè, kí ènìyàn lè sá tàbí kí ó jà. Àánú Ọlọ́hun ni èyí jẹ́ nígbà tí iná bá ń jó ilé. Kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀ ní ogójì ìgbà lójúmọ́ nítorí WhatsApp. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, a wọn ìfúnpá arákùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì pé ọdún 45. Ẹ̀rọ wa sọ pé 188 lórí 114, bẹ́ẹ̀ 140 lórí 90 ni ààlà tí a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A ní kí ó sinmi, a tún un wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Láàrin ìgbà náà, fóònù rẹ̀ dún nígbà méje, ó sì gbé gbogbo rẹ̀. A ní ilé ìwòsàn ni kí ó kọjá sí láti ibẹ̀. Ó ní ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ fi ilé han àwọn kan ní Ògbà, wọ́n ti ń dúró. Ó lọ fi ilé hàn wọ́n. Wọn kò gbà á.

Ní ọdún 2021, WHO àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, jọ gbé ìwádìí kan jáde tí ó sọ pé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi 35% súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tí ó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ó sì fi 17% súnmọ́ ikú àìsàn ọkàn jù ú lọ. Ẹ bá wa ṣírò ti ajẹ́ntì tí fóònù rẹ̀ ń jí i ní aago 6 àárọ̀, tí ó sì fi í sílẹ̀ ní ọ̀gànjọ́, títí kan Sátidé àti Sọ́ńdè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí àwọn oògùn wọ̀nyẹn, nítorí iṣẹ́ tiwa gan-an nìyẹn. Kò sí èyí tí ó ń wo agara sàn nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ́nájì tí wọ́n ń tà lójú pópó ní nǹkan bí 32 miligíráàmù kafiíìnì nínú ìdá ọgọ́rùn-ún mílílítà kọ̀ọ̀kan. Ìgò ìdajì lítà kan á tó 160. Bí ènìyàn bá mu méjì lójúmọ́, 320 nìyẹn. Bí ó bá tún lo parasitamọ́ọ̀lù oní-kafiíìnì méjì fún orí fífọ́, irú èyí tí ó ní 65 nínú hóró kan, ó di 450. Ìwọ̀n tí àwọn aláṣẹ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà sọ pé kò sábà pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lára kò ju 400 lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì kafiíìnì tí ènìyàn mu ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó mu tirẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì kò yẹ kí ó máa bi wá ní aago 11 alẹ́ pé kí ló dé tí oorun kò wá. Ti oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac tún burú sí i fún ẹni tí ó ń rìn nínú oòrùn láìmu omi tó, tí kò sì jẹun láti àárọ̀: ó lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó lè pa kíndìnrín lára, ó sì lè mú ìfúnpá gòkè débi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ènìyàn ń lò kò ní ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Oògùn oorun, bí diazepam àti bromazepam, máa ń di ọ̀gá ènìyàn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Bí a bá ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, a kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí gìrì lè tẹ̀lé e. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. A kò fẹ́ sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí tramadol. Gbogbo wa la mọ ohun tí ó ti ṣe ní àdúgbò wa, àti ohun tí omi ikọ́ oní-kodéènì ṣe kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní ọdún 2018. Ẹni tí ó bá ń lo tramadol nítorí kí ó lè rìn láti àárọ̀ dé alẹ́ láìmọ̀ pé ó rẹ òun, aago ìkìlọ̀ tí Ọlọ́hun fi sí ara rẹ̀ ni ó ń yọ bátìrì rẹ̀.

Èrò wa ni pé ohun tí ó ń dá agara sí ajẹ́ntì lára kò sí nínú ilé oògùn, nítorí náà oògùn rẹ̀ kò lè wà níbẹ̀. Inú ọwọ́ tí ó fi ń gba oníbàárà àti iṣẹ́ ni ó wà. Àwọn kan nínú ìjọ wa sì ni ó jẹ́ kí ó ṣòro fún un láti ṣe àtúnṣe. Bí ajẹ́ntì bá sọ fún wọn pé òun fẹ́ fi oníbàárà kan sílẹ̀, wọn á ní, "Ṣe sùúrù, arísìkí kì í wá pẹ̀lú ìkánjú." Wọn á ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n a kò gbà pé sùúrù ni kí ènìyàn jẹ́ kí ẹni tí kò ní owó ilé lọ́wọ́ máa fa òun kiri Alímọ́ṣọ́ fún oṣù mẹ́ta. Sùúrù ni kí a fara da ohun tí a kò lè yí padà, àti kí a dúró lórí ohun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ. Ohun tí gbólóhùn kan lè yí padà, tí a kò sọ gbólóhùn náà nítorí ìbẹ̀rù pé owó lè lọ, ó ní orúkọ mìíràn.

Ẹ rántí ìtàn Salmaan àti Abu Dardaa tí ó wà nínú àkójọ Imaamu Bukhaari. Salmaan lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ó rí ìyàwó ilé tí kò bójú tó ara rẹ̀ mọ́, nítorí pé bàálé ti fi ayé sílẹ̀ fún ìjọ́sìn. Ààwẹ̀ ni Abu Dardaa ń gbà lọ́sàn-án. Salmaan kọ̀ láti jẹun àfi bí ó bá bá òun jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó fẹ́ dìde kírun. Salmaan ní kí ó padà lọ sùn, títí òru fi lọ, kí àwọn méjèèjì tó jọ kírun. Ó wá ṣàlàyé fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́, ìdílé rẹ̀ náà sì ní. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó ní òótọ́ ni Salmaan sọ. Ìjọ́sìn ni ọ̀rọ̀ yẹn dá lé. Bí a kò bá gbà fún ènìyàn láti fi ìrun òru jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè, ṣé torí fúláàtì oníyàrá méjì ni a ó wá gbà fún un?

Nípa oníbàárà tí ó ń fa ènìyàn gbẹ, àwọn ajẹ́ntì tí a bá sọ̀rọ̀ mọ̀ wọ́n ju àwa lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí ń wo ilé bí ẹni ń wo ọjà lójú fèrèsé. Kò tíì mọ iye tí ó ní, kò mọ oṣù tí yóò kó jáde, ṣùgbọ́n ó fẹ́ wo Ẹ̀gbẹ́dá láàárọ̀ kí ó sì wo Ìkòròdú nírọ̀lẹ́. Ohun tí a ń dámọ̀ràn ni kí ajẹ́ntì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí bàtà tó wọ ẹsẹ̀: èló lówó tó wà nílẹ̀ báyìí, tí a bá da kọ́míṣàn, ẹ́gírímẹ́ǹtì àti káṣọ̀n mọ́ ọn? Ìgbà wo lẹ fẹ́ wọlé? Ta ni yóò sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ṣé ẹ̀yin ni tàbí ọkọ yín, tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó ń bá yín san án? Ìbéèrè kẹta yìí ṣe pàtàkì. Ilé mélòó ni ìyàwó ti wò tán tí ó fẹ́ràn, tí ọkọ wá dé lọ́jọ́ keje tí ó ní ọ̀nà ibẹ̀ kò dára? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí a fi fídíò ilé ránṣẹ́ sí i, kí ẹsẹ̀ sinmi.

Lẹ́yìn ilé mẹ́ta, ó yẹ kí a dá ọ̀rọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ láìjà, nítorí náà wọn á máa sá fún ìpè ẹni náà, sísá yẹn náà sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn fún ọkàn. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé mẹ́ta la ti jọ wò, kò sì sí èyí tó tẹ́ yín lọ́rùn. Kò sí irú èyí tí ẹ ń wá lọ́wọ́ mi ní iye owó yìí báyìí. Bí ẹ bá rí ẹlòmíràn tó lè bá yín wá a, ẹ jẹ́ kó ṣe é, kò sí ìbínú. Bí èyí tó bá yín mu bá yọjú, èmi ni màá pè yín." Gbólóhùn márùn-ún. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí irọ́, ìlẹ̀kùn kò sì tì pa.

Ẹnì kejì ni onílé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Lónìí ₦900,000, lọ́la tí ènìyàn ti mú owó wá, ó di mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Tàbí onílé tí ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀yà báyìí, òun kò fẹ́ obìnrin tí kò ní ọkọ, tí ó sì fẹ́ kí ajẹ́ntì máa ru ìtìjú náà lọ bá àwọn ènìyàn. Ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn wúwo ju àpò ìrẹsì lọ. Kí onílé kọ iye owó rẹ̀ àti ohun tí ó fẹ́ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, tàbí kí ilé rẹ̀ má wọ inú ìwé wa.

Ẹnì kẹta ni ó ń jọ wá lójú jù: ẹni tí ó ti gba ilé tán. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ó kó wọlé, ajẹ́ntì ni ó ń pè pé ẹ̀rọ omi kò fa omi, pé mítà iná kò gba tókìnnì, pé aládùúgbò ń tan jẹnẹrétọ̀ sí ojú fèrèsé òun. Ajẹ́ntì á dìde lọ, nítorí pé ènìyàn dáadáa ni, àti nítorí pé ó ń retí pé ẹni náà yóò mú ẹlòmíràn wá. Ó ti di kiatékà láìgba owó kiatékà. Ní ọjọ́ tí a bá fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́, ẹ fún un ní ìwé pélébé kan pẹ̀lú rẹ̀: nọ́ńbà kiatékà nìyí, ti púlọ́ḿbà nìyí, ti oníná nìyí, iṣẹ́ tèmi parí níbí, mo dúpẹ́.

Ní ti owó ìrìn tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó mú ènìyàn lọ wo ilé, a mọ̀ pé àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ alárinà kì í ṣe ohun tuntun nínú Islaamu. Imaamu Bukhaari ya àyè sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ alárinà. Ohun tí àwọn áfáà wa ń tẹnu mọ́ ni pé kí iṣẹ́ náà jẹ́ òótọ́, kí iye rẹ̀ sì hàn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Owó ìrìn tí a sọ ṣáájú, tí a sì yọ kúrò nínú kọ́míṣàn bí ilé bá bọ́ sí i, yóò lé àwọn aláwòlọ jìnnà, yóò sì bọ̀wọ̀ fún ẹsẹ̀ ajẹ́ntì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí owó ìrìn gan-an ni wọ́n fi ń jẹun: ilé tí wọ́n fi sórí Facebook ti ní ayálégbé láti ọdún tó kọjá, wọ́n ṣì ń fi í gba ₦5,000 lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Àwa kò ní oògùn fún agara irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òpùrọ́ ní láti máa rántí ohun tí ó sọ fún Alhaja, ohun tí ó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tẹ̀lé e, àti orúkọ tí ó fi pe ara rẹ̀ lórí láìnì kejì. Ọkàn kì í sinmi lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ènìyàn sùn tó.

Nípa àkókò, Ọlọ́hun ti bá Mùsùlùmí ṣe ọgbà yí ọjọ́ rẹ̀ ká tẹ́lẹ̀. Ìrun márùn-ún ni. Bí ẹ bá ń bá oníbàárà ṣe àdéhùn, ẹ má sọ pé "ní ọ̀sán". Ẹ sọ pé "lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a ó parí kí Alásárì tó wọlé". Ẹ pa fóònù lẹ́nu mọ́ láti Màgáríbì títí ẹ ó fi kírun Ìṣáì tán, kí ẹ wo ojú àwọn ọmọ yín. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp yín pé lẹ́yìn aago 8 alẹ́, ẹ ó dáhùn ní àárọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a fi káràkátà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe ìrun, ó sì yọ̀ǹda pé kí a túká lọ wá oore rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà a kò sọ pé kí ẹ fi Jímọ̀ ṣe ọjọ́ ìsinmi, Sátidé sì ni ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ráyè wo ilé. Ẹ mú Túsìdeè. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí SIM iṣẹ́ sùn sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ sì pín àdúgbò sí ọjọ́: kí ọjọ́ Ìkòròdú má pàdé ọjọ́ Ìyànà-Ìpájà.

Ìmọ́tótó díẹ̀, kí àwọn arábìnrin wa má bàa sọ pé a gbàgbé wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í mu omi láti àárọ̀ nítorí pé wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti tọ̀, wọ́n sì ń mú ìtọ̀ mọ́ra títí di alẹ́. Ọ̀nà tí kòkòrò fi ń rí àyè gbilẹ̀ nínú ilé ìtọ̀ nìyẹn, àìmu omi náà sì ń dá kún orí fífọ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ra oògùn. Mọ́sálásí wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, omi àti ilé ìyàgbẹ́ sì wà níbẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn yà síbẹ̀ kí ó sinmi lẹ́yìn ìrun.

Bí gbogbo èyí bá ti wáyé, tí ènìyàn sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí inú rẹ̀ kò sì tú ká, tí ohun tí ó fẹ́ràn rí kò wù ú mọ́, tàbí tí ó ń rò ó pé ikú sàn, agara nìkan kọ́ nìyẹn mọ́. Kí ó lọ rí dókítà, kí ẹnìkan bá a lọ. Bí àyà bá ń fún ènìyàn, bí ẹnu bá wọ́ sápá kan, tàbí tí ọwọ́ kan kò gbé sókè mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní ojú ẹsẹ̀, kì í ṣe ilé oògùn wa.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, nítorí ẹ pọ̀ ju ajẹ́ntì lọ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí. A mọ̀ pé ó ti rẹ ẹ̀yin náà, a sì mọ̀ pé àwọn kan ti jẹ owó yín. Síbẹ̀, ẹni tí ó mú yín wo ilé tí ẹ kò fẹ́, ẹ má ṣe dákẹ́ mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ "A kò gbà á, ẹ ṣeun" sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe yí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bá onílé kí ẹ lè fi kọ́míṣàn rẹ̀ pamọ́, nítorí owó iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń wá ilé fún àwọn òbí yín, nígbà tí aago 8 alẹ́ bá lù ní Houston ní oṣù Kejìlá, aago 3 òru ni ní Èkó. Ti London kò tilẹ̀ ní àwáwí: wákàtí kan péré ni ìyàtọ̀ nígbà òtútù, nígbà ooru aago wa dọ́gba. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, ajẹ́ntì yóò kà á lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.